Ọmọ mi ń lọ kàwé ní Leeds: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Olùkọ́ Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa nílé lóko. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Òṣogbo. Àkọ́bí mi obìnrin ti rí ààyè gbà ní Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti kọ́ ẹ̀kọ́ másítà ọlọ́dún kan nípa ìmọ̀ omi. Oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn gan-an, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí kò sí ẹnì kankan nínú ẹbí wa tó gbé òkè òkun rí tí a lè bi léèrè. Ọmọ náà kò wọ bàálù rí. Èkó ni ibi tó jìnnà jù tó dá lọ.

Ohùn àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn kò ṣọ̀kan. Ẹnì kan ní kí a di oúnjẹ oṣù mẹ́ta fún un. Ẹlòmíràn ní bí wọ́n bá ká gààrí mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á dá a padà. Éjẹ́ǹtì kan sì ń dà wá láàmú pé kí a tètè san owó ilé ọdún kan fún òun, òun á bá a gba yàrá sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí, kí ló yẹ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé? Báwo ni yóò ṣe ti pápákọ̀ òfurufú dé Leeds? Kí sì ni òbí tó wà nílé lè ṣe?

Àǹtí Chapeltown

Ẹ kú oríire, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè ọmọ. Leeds ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ojú mi sì ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń dé síbí ní oṣù Kẹsàn-án. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro wọn, ilé ló ti ń bá wọn wá.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ìwé bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ló máa fún un ní nọ́ńbà CAS, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà á wọlé. Láìsí i, kò lè béèrè físà. Tí CAS bá dé, kí ó kà á fínnífínní, kí ó fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà nínú rẹ̀ wé ti páásípọ́ọ̀tù. Àwa Yorùbá, orúkọ wa pọ̀: èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé WAEC lè má bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kí ó lọ gba ìwé ìbúra ní kóòtù nísinsìnyí, kí ó sì sọ fún yunifásítì kí wọ́n tó ṣe CAS.

Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní TB, jẹ́ dandan fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ gbé ju oṣù 6 lọ. Ọ̀dọ̀ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kiri, ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Èkó tàbí Àbújá. Oṣù 6 ni ìwé ẹ̀rí náà fi ń ṣiṣẹ́. Kí ó má dúró di oṣù Kẹjọ, nítorí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń rọ́ lọ síbẹ̀ nígbà náà.

Owó ló kàn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rí owó ilé-ẹ̀kọ́ tó kù láti san àti owó tí yóò fi jẹun fún oṣù 9. Owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 tó tẹ̀lé ara wọn láìdín sí iye tí wọ́n béèrè, ọjọ́ tí ìwé báńkì náà parí sí kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tó bá béèrè físà. Iye náà máa ń yí padà, ti Lọ́ńdọ̀nù sì yàtọ̀ sí ti ìta rẹ̀. Orí ojú ewé ìjọba, gov.uk, ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe lẹ́nu éjẹ́ǹtì. Bí ó bá jẹ́ àkáǹtì yín ni owó wà, Bàbá, wọ́n gbà á. Ẹ máa fi ìwé ìbí ọmọ tó gbé orúkọ yín kún un, pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí pé ẹ yọ̀ǹda owó náà fún un.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má bá àwọn tó ń yáni lówó fún oṣù kan láti fi gba físà da nǹkan pọ̀. Bí wọ́n bá gba owó wọn padà, kí lọmọ máa jẹ níbí? Bí wọ́n bá sì ká ìwé èké mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, ọdún 10 ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Owó ìlera tún wà tí yóò san pẹ̀lú ti físà: 776 pọ́n-ùn lọ́dún ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Físà másítà ọlọ́dún kan máa ń lé ní oṣù díẹ̀, wọn á sì gba ìdajì sí i fún oṣù díẹ̀ yẹn. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò yín, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni kì í rántí rẹ̀.

Nǹkan ìkẹyìn lórí ìwé. Káàdì BRP, ìyẹn káàdì ìgbélùú, tí àwọn tó ti lọ tẹ́lẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní òpin 2024. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí físà wà báyìí, eVisa ni wọ́n ń pè é. Kí ó ṣí àkáǹtì UKVI, ìyẹn ọ́fíìsì físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fúnra rẹ̀, kí ó so páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ ọn kí ó tó rìnrìn àjò. Ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tí yóò fi ṣí i gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì tàbí ti ọmọ káfé. Ibẹ̀ ni yóò ti máa gba kóòdù tí onílé àti agbaniṣíṣẹ́ yóò fi mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbí. Ẹni tí ímeèlì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni físà.

Ìjẹ̀bú ní Manchester

Ẹ kú làálàá, Bàbá. Àǹtí ti sọ ti ìwé tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà.

Kò pọn dandan kí ó gba Heathrow, pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Àríwá ni Leeds wà. Ọkọ̀ ojú irin láti King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń lò ju wákàtí 2 lọ kí ó tó dé Leeds, Heathrow fúnra rẹ̀ sì jìnnà sí King's Cross. Fún ọmọ tí kò dé ìlú yìí rí, tó gbé àpótí méjì dání, pápákọ̀ Manchester ló rọrùn jù. Ibùdókọ̀ ojú irin wà níbẹ̀ gan-an, ọkọ̀ tó ń lọ tààrà sí Leeds sì ń kúrò níbẹ̀. Ó lè gba Doha tàbí Istanbul wá.

Ẹ ṣọ́ra fún tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó gba Amsterdam, Paris tàbí Frankfurt. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, àní bí ẹni náà kò bá tiẹ̀ jáde kúrò nínú pápákọ̀. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè má gbà á sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù náà, kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí yín lórí ímeèlì, kí ẹ tó sanwó. Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà bàálù ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jóná.

Báàgì ọwọ́ ló ṣe pàtàkì ju àpótí lọ. Inú rẹ̀ ni kí páásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ìgbàwọlé, CAS, ìwé TB, ìwé báńkì àti ojúlówó sátífíkéètì rẹ̀ wà. Àpótí lè sọnù fún ọjọ́ méjì. Bí ìwé bá wà nínú rẹ̀, wàhálà dé. Kí ó fi aṣọ pààrọ̀ kan àti ṣẹ́ẹ̀tì onírun kan síbẹ̀ náà. Báńkì iná, ìyẹn èyí tí a fi ń gba agbára sí fóònù, inú báàgì ọwọ́ nìkan ni òfin gbà kí ó wà. Omi, ìpara àti òróró tó bá ju mìlílítà 100 lọ kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀. Ní ti àpótí, ẹ wo ara tíkẹ́ẹ̀tì: kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ̀n ọ́n nílé. Kò dára kí ọmọ máa tú ẹrù sílẹ̀ lójú gbogbo ayé ní Ìkẹjà.

Bí ó bá dé iwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè, wọ́n lè bi í pé kí ló wá kọ́, ta ló ń sanwó, ibo ni yóò gbé. Kí ó dáhùn ohun tí wọ́n bi í, kí ó sì dákẹ́. Kí ó kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sórí ìwé, nítorí fóònù lè kú.

Ìyá Ìbejì Woolwich

Gààrí kì í dá ọmọ padà o, Bàbá. Ohun tí òfin kọ̀ ni ẹran àti ohunkóhun tó ti ara mílíìkì wá. Kílíṣí, ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, wàrà, títí kan mílíìkì oníyẹ̀fun tí a fi ń mu gààrí: kí ó fi gbogbo wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbà á. Ẹja gbígbẹ kò sí lára èyí tí wọ́n kọ̀, ó lè mú un wá fún ara rẹ̀. Iṣu, ẹ̀fọ́ tútù àti ata tútù ń béèrè ìwé ẹ̀rí ohun ọ̀gbìn. Kí ó má dà á láàmú.

Ẹlùbọ́, gààrí, ẹ̀gúsí lílọ̀, ata gígún àti irú tó gbẹ dáadáa, ìyẹn tó. Ẹ wé irú náà nínú ọ̀rá bíi mẹ́ta, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo aṣọ rẹ̀ ló máa gba òórùn. Ẹ kọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ṣùgbọ́n oúnjẹ oṣù mẹ́ta kọ́! Àwọn ìsọ̀ tó ń ta oúnjẹ wa wà ní Harehills àti Chapeltown ní Leeds, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ohun tó bá gbé yẹ kó gbà á.

Ohun tó dára ju kí ẹ di oúnjẹ ni kí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó pín in sí ike, kí ó kó o sí firísà. Ẹ tún sọ fún un pé ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín wà ní òkè àjà ilé ìgbé wọn. Bí ó bá yọ́ epo pupa láìṣí fèrèsé, ẹ̀rọ náà á ké, gbogbo ilé á sì tú síta nínú òtútù, àwọn panápaná sì lè dé.

Apòògùn Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí n fi ti oògùn kún un, nítorí kì í jọ ènìyàn lójú títí àìsàn fi dé.

Oògùn tí ó bá ń lò déédéé, inú páálí tó ti wá ni kí ó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà tó ní orúkọ rẹ̀ nínú. Kò gbọ́dọ̀ gbé tramadol tàbí oògùn ikọ́ oníkodéènì fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe pásítọ̀ ló fi rán an. Òfin ibẹ̀ le lórí wọn. Ẹni tó bá ní kí ó bá òun mú páálí dání, kí ẹ jọ tú u wò, tàbí kí ó kọ̀.

Kí ó lọ wo eyín àti ojú rẹ̀ kí ó tó lọ, kí ó sì ṣe awò ojú méjì bí ó bá ń lo awò. Owó ìlera tó san kò bo awò, àgbàlagbà sì ń san nǹkan lórí eyín lọ́dọ̀ oníṣègùn. Oògùn apakòkòrò tí a ń rà lórí káńtà níbí, kò lè rí i rà láìsí ìwé dókítà lọ́hùn-ún. Kí ó mú káàdì aláwọ̀ ìyeyè dání, wọ́n lè béèrè rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ wálé.

Èyí tí mo fẹ́ kí ó há sórí jù: bí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín oṣù àkọ́kọ́, kí ó má pè é ní òtútù. Kí ó sọ fún dókítà pé Nàìjíríà ni òun ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún ibà lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn dókítà ibẹ̀ kì í rí ibà ẹ̀fọn lójoojúmọ́, ọkàn wọn lè má lọ síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún wọn.

Ọmọ Olùkọ́

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá mi àti ìyá mi. Èmi gan-an ni ọmọ tí bàbá mi ń sọ. Mo dúpẹ́ púpọ̀, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ìbéèrè díẹ̀. Ṣé kí n ra kóòtù òtútù níbí ni àbí lọ́hùn-ún? Mo mọ irun dì, òun ni mo fi ń rí owó kékeré ní yunifásítì níbí. Ṣé mo lè máa dì í níbẹ̀? Wọ́n tún ní orúkọ ni wọ́n ń pe olùkọ́ níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Ọkàn mi sì ń bẹ̀rù ìdánìkanwà, kí n má purọ́.

Ọmọ Agége

Àbúrò mi, lọ sí ọjà Katangúwà ní Èkó. Kóòtù gidi wà níbẹ̀ ní bọ́síkọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ti wọ̀ nílùú òtútù fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Woolwich

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Agége dára, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni kí o rà, èyí tí o máa wọ̀ sọ̀kalẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án kò tíì le jù. Kóòtù ńlá máa ń jẹ kílò. Tí o bá dé Leeds, wá àwọn ìsọ̀ aláàánú tí wọ́n ń pè ní charity shop, kóòtù tó dára wà níbẹ̀ lówó tí kò ga. Èyí tí òjò kò lè wọ̀ ni kí o wá, nítorí afẹ́fẹ́ àti òjò ló ń pani níbẹ̀ ju yìnyín lọ. Bàtà tí omi kò lè wọ̀ ṣe pàtàkì bákan náà.

Àǹtí Chapeltown

Ọmọ mi, ó dára pé o béèrè ti irun kí o tó dé. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kí o ṣe òwò tara rẹ. Irun dídì fún owó, aṣọ rírán fún oníbàárà, gbígbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ orí fóònù, òwò tara ẹni ni òfin ka gbogbo wọn sí. Bí ilé ìṣerun kan bá gbà ọ́ sí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń san owó oṣù, tí owó orí ń kúrò níbẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Wákàtí 20 ni o lè ṣe lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé o lè ṣe 40 kí wọ́n san ìyókù lọ́wọ́, sá fún un. Ìwọ ni wọ́n máa dá padà, òun á dúró.

Má fi owó iṣẹ́ sínú ìṣirò owó ilé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ lè pẹ́ kí ó tó yọjú. Yunifásítì sì ń ka iye ìgbà tí o wá sí kíláàsì, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ìjọba bí o kò bá wá. Mo ti rí ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó, tó ń sùn nínú kíláàsì, tó sì pàdánù méjèèjì.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP. Má dúró dìgbà tí ara rẹ kò bá yá. 999 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, 111 ni ti àìsàn tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ra fítámì D, kí o máa lò ó. Oòrùn ibí kò tó fún awọ dúdú, ní oṣù Kejìlá sì rèé, ilẹ̀ máa ń ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bí ọkàn rẹ bá rẹ̀wẹ̀sì nígbà náà, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Máa jáde lọ́sàn-án, kí o sì sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwádìí

Lórí olùkọ́: bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ àbísọ ni wọ́n ń pè wọ́n, wọn kò sì kà á sí àrífín. Bí ẹnu rẹ bá kọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pe é ní Dókítà tàbí Ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú orúkọ ìdílé rẹ̀, kò sí ẹni tó máa bínú. Ohun tó ṣòro ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ sísọ. A tọ́ wa pé ọmọdé kì í jiyàn pẹ̀lú àgbà. Ní kíláàsì wọn, bí o bá dákẹ́, wọn kò ní pè é ní ìwà ọmọlúàbí, wọ́n á rò pé o kò kàwé wá. Múra ìbéèrè kan sílẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí o sì tètè bi í kí àyà rẹ tó já.

Máàkì: nínú másítà, 50 ni àṣeyege, 60 dára, 70 sókè ló ga jù. Bí wọ́n bá fún ọ ní 64 lẹ́ẹ̀kíní, má sunkún. Ka ohun tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni èrè wà.

Má da ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹlòmíràn kọ láìdárúkọ ẹni tó ni ín, ì báà ṣe gbólóhùn kan. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kíláàsì kan máa ń wà ní ilé ìkàwé tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́ka sí orísun. Lọ síbẹ̀ kí o tó kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bá ṣẹlẹ̀, béèrè àfikún ọjọ́ kí ọjọ́ ìfisílẹ̀ tó pé. Lẹ́yìn tó bá ti kọjá, àánú ṣòro rí. Ọdún kan kúrú púpọ̀: o kò ní tíì mọ ọ̀nà ilé ìkàwé tán tí ìdánwò oṣù Kìíní fi máa dé.

Àgbà Ẹ̀gbá

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà tí o kọ, ó sì wọ̀ mí lára.

Ọmọ wa kọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ sí Leeds. Ọdún 1954 ni Wọlé Ṣóyínká dé yunifásítì náà láti Ìbàdàn, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1957. Kí ìyẹn mú orí rẹ wú. Orúkọ kejì wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀. David Oluwale, ọmọ Nàìjíríà tó ti Èkó lọ, fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1949, ó gúnlẹ̀ sí Hull, ó sì wá sí Leeds. Ó rí ẹ̀wọ̀n, ó gbé ilé ìwòsàn ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, níkẹyìn kò rí ilé gbé mọ́. Àwọn ọlọ́pàá méjì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń lù lóru. Ní 1969, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire. Ní 1971, ilé ẹjọ́ rán àwọn ọlọ́pàá méjèèjì lọ sẹ́wọ̀n nítorí lílù tí wọ́n ń lù ú. Ní 2023, wọ́n ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan lórí odò náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tí o bá dé, lọ dúró níbẹ̀ díẹ̀.

N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ọ́. Ìlú náà ti yàtọ̀ sí ti ìgbà yẹn. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹni tí kò ní ẹnì kankan ló rọrùn láti fìyà jẹ. Àwọn tó ṣáájú wa mọ èyí. Ládipọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, nígbà tí àwọn onílé kì í fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú sílé. Wọ́n ṣí ilé ìgbé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden ní 1933, kí ọmọ Áfíríkà lè rí ibi sùn, kí ó sì rí oúnjẹ ilé jẹ.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, wá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní yunifásítì náà, wá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláásí tí o máa lọ. Jẹ́ kí ó tó ẹni mẹ́ta ní Leeds tó mọ ilé rẹ, tí wọ́n á béèrè rẹ bí wọn kò bá rí ọ fún ọjọ́ méjì. Má bá ọmọ wa nìkan rìn o. Bá àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ jẹun, àwọn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ bí o bá ké.

Olùkọ́ Òṣogbo

Ẹ ṣeun o, Bàbá. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ ka èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì tó ń béèrè owó ilé ńkọ́?

Ìjẹ̀bú ní Manchester

Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, Bàbá. Ilé ìgbé yunifásítì ni kí ó gbé ní ọdún kan yìí, orí ojú ewé yunifásítì fúnra rẹ̀ ni kí ó sì ti béèrè, kí ó tètè ṣe é. Ó lè wọ́n díẹ̀ ju ìta lọ, ṣùgbọ́n iná, omi àti íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà nínú owó náà, wọn kì í sì béèrè olùdúró tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí onílé ìta máa ń fẹ́. Bí ó bá di dandan kí ó gbé ìta, kí ó sùn sí ibì kan fún ìgbà díẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí yàrá náà kí ó tó sanwó. Owó tí onílé bá gbà pamọ́ títí ayálégbé yóò fi kó jáde, òfin England ní kí ó fi í sí abẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Kí ó béèrè ìwé rẹ̀. Bí lẹ́tà owó orí ìlú, council tax, bá dé, kí ó gba ìwé lọ́dọ̀ yunifásítì pé akẹ́kọ̀ọ́ ni òun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gbogbo àsìkò kàwé kì í san án.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà rèé. Kí ó má jẹ́ kí síìmù Nàìjíríà rẹ̀ kú, nítorí orí rẹ̀ ni kóòdù báńkì ń wá. Kí ó ṣí i fún lílò lókè òkun kí ó tó kúrò, kí ó sì máa fi owó díẹ̀ sí i. Síìmù tí a kò lò fún oṣù 6, wọ́n lè ti í pa. Ihò iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onígun mẹ́ta bíi tiwa ni, kò sí ìdí láti ra ohun àsopọ̀. Títí di òpin oṣù Kẹwàá, aago yín á bá tirẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà, wákàtí kan ni ẹ óò fi ṣáájú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Woolwich

Bàbá, ẹ béèrè ohun tí òbí lè ṣe. Ẹ pe ẹbí jọ kí ó tó lọ. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín pé ìwé ló ń lọ kà, kò sí owó tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ wa níbí ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ kí wọ́n lè fi owó ránṣẹ́ fún ẹni tó ní ilé méjì ní Nàìjíríà. Bí ìpè bá dé fún un lórí ọ̀fọ̀ tàbí ìgbéyàwó, kí ó jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ dáhùn.

Kí ẹ sì yan ọjọ́ ìpè, ọjọ́ Àìkú lálẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bí kò bá gbé fóònù lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má dá ara yín lóró, kíláàsì ló wà. Ẹ jẹ́ kí ó lè sọ fún yín pé nǹkan le láìrò pé ẹ máa dá a lẹ́bi.

Ọmọ Olùkọ́

Ìbéèrè kan ló kù. Tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó jù tí a rí máa gúnlẹ̀ sí Manchester lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ṣé màá rí ẹni fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá bí mo bá dé Leeds lóru?

Àǹtí Chapeltown

Èyí tó dé ní àárọ̀ ló dára jù, bí owó bá lè gbà á. Bí kò bá lè gbà á, kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilé ìgbé kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì náà. Bi wọ́n ní wákàtí tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn àti ibi tí ẹni tó dé lóru ti ń gba kọ́kọ́rọ́. Tẹ èsì wọn sórí ìwé, kí o kọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ yunifásítì sí ẹ̀yìn rẹ̀, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bi wọ́n bóyá ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti ìbora wà ní yàrá náà, nítorí ọ̀pọ̀ yàrá kì í ní in. Bí kò bá sí, fi ìró méjì àti ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí òkè àpótí rẹ, níbi tí o ti lè tètè fà á yọ.

Olùkọ́ Òṣogbo

A ti pe ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ajé ni bàálù mìíràn, aago mẹ́wàá àárọ̀ ló máa gúnlẹ̀, owó rẹ̀ fi díẹ̀ ga ju ti Sátidé lọ. Èyí náà la máa rà. Ọmọ náà ti ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilé ìgbé bí mo ṣe ń kọ èyí.